OWÓ TA NI SÍSÍTÀ Ń NÁ? Àlàyé fún àwọn ìyá tó fẹ́ fi ọmọbìnrin sí ilé-ẹ̀kọ́ Kọ́nfẹ́ǹtì

  

Ìnáwó ọmọ ló fa ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ. Gbogbo ìgbà tí ọmọ bá ti ń parí ìwé mẹ́fà, tí ìyá ń wá ilé-ẹ̀kọ́ girama tí yóò fi í sí, ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn Sísítà kì í gbẹ́yìn ní ìsọ̀. Ẹlòmíràn á ní kò síbi tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọbìnrin ní ìwé àti ìwà bíi tibẹ̀. Ẹlòmíràn á ní, “Háà, wọn á sọ ọmọ ẹ di Sísítà, o ò ní rí ọmọ-ọmọ gbé pọ̀n o.” Ẹni tó bá wá ti lọ bèèrè owó ilé-ẹ̀kọ́ náà bọ̀, á kọ́kọ́ mí kanlẹ̀, á ní: “Ṣé kì í ṣe àwọn náà ló ní àwọn ò ní kọ́bọ̀ láyé? Ta ló wá ń kó gbogbo owó yìí?”

Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn dára, kì í ṣe àfojúdi rárá. Ẹni tó ń wọn gààrí ní kọ́ńgò, tó mọ iye èrè tó wà lórí àpò kan, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ibi tí owó òun gbà. Ohun tí a fẹ́ là yé ara wa nìyẹn, yálà Àgùdà ni wá, tàbí ọmọ Ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí Mùsùlùmí, tàbí ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí á tó dé ìdí owó, ẹ jẹ́ ká mọ àwọn tí à ń sọ ọ̀rọ̀ wọn ná.

Ìjọ Àgùdà ni àwọn bàbá wa ń pe Ìjọ Kátólíìkì. Orúkọ náà wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bùràsíìlì àti Kúbà. Nígbà tí wọ́n gba òmìnira tí wọ́n padà sí Èkó, Àgùdà ni wọ́n ń pè wọ́n, wọ́n sì mú ìsìn tí wọ́n ti ń ṣe lọ́hùn-ún bọ̀ wálé. Kí páàdì kankan tó fi Èkó ṣe ibùgbé, ọ̀kan nínú wọn tí gbogbo ayé mọ̀ sí Pa Antonio ló ń kó wọn jọ gbàdúrà. Ọdún 1868 ni páàdì àkọ́kọ́ tó jókòó tì wọ́n dé, Pierre Bouche lorúkọ rẹ̀, ará Faransé ni. Ọmọ ẹgbẹ́ SMA ni, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìlú Lyon ní 1856.

Augustin Planque tó jẹ́ ọ̀gá ẹgbẹ́ náà ló rí i pé ẹsẹ̀ kan ni iṣẹ́ àwọn fi ń rìn. Páàdì lè kọ́ ọmọkùnrin, àmọ́ ta ni yóò kọ́ ọmọbìnrin? Ta ni yóò wọ yàrá ìyá ọlọ́mọ tó ń ṣàìsàn? Ní 1876 ó dá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin sílẹ̀ ní Lyon, Our Lady of Apostles, àwọn tí a ń pè ní OLA títí dòní. Àjàṣẹ́ tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo, Èkó àti Abẹ́òkúta wà lára ibi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ ní àkókò yẹn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò pẹ́ láyé. Ibà lásán àti ibà apọ́njú pa wọ́n ní èwe, wọ́n á sin ọ̀kan, òmíràn á tún wọkọ̀ ojú omi bọ̀. Nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ni ìjọba Èkó ń lò, tí ọ̀pọ̀ wọn sì jẹ́ ará Faransé, ẹgbẹ́ náà la ilé kan sí ìlú Cork ní Ireland ní 1887, kí wọ́n lè máa rí àwọn tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rán wá. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìyá àgbà tó kàwé lọ́dọ̀ wọn fi máa ń sọ pé ọmọ Ireland ló na àwọn lẹ́gba.

Ní ti Ìjẹ̀bú wa, ẹ mọ̀ pé àwọn bàbá wa kì í dédé ṣílẹ̀kùn fún àlejò. Ẹ̀yìn ogun Ìmágbọn ní oṣù karùn-ún 1892, tí Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú, ni oníwàásù oríṣiríṣi tó ráyè rọ́ wọlé. Lábẹ́ Èkó ni àwọn Àgùdà ilẹ̀ wa wà fún ìgbà pípẹ́, títí wọ́n fi ya Díósísì Ìjẹ̀bú-Òde sọ́tọ̀ ní 1969. Bíṣọ́ọ̀bù Anthony Saliu Sanusi ló kọ́kọ́ jẹ níbẹ̀, ó sì wà lórí àlééfà títí di 1990. Ẹ tún orúkọ àárín yẹn kà. Saliu! Ẹ̀sìn ti lọ́ mọ́ra nínú ilé Yorùbá tipẹ́tipẹ́.

Ẹ má sì rò pé òyìnbó nìkan ni Sísítà. Ní 1931, Sísítà Mary Charles Walker dá ẹgbẹ́ Handmaids of the Holy Child Jesus sílẹ̀ ní Kàlàbá fún ọmọbìnrin ilẹ̀ wa. Ní 1937, ẹgbẹ́ Immaculate Heart bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Ìgbò lábẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Charles Heerey. Ní Èkó, Bíṣọ́ọ̀bù Leo Taylor dá Eucharistic Heart of Jesus sílẹ̀ ní 1943. Láti ìgbà náà ni ọmọ aláṣọ, ọmọ ẹlẹ́ja, ọmọ àgbẹ̀ kòkó ti ń wọ aṣọ náà. Sísítà tí ẹ bá rí lónìí tó ń ná ọjà lọ́wọ́ yín, bóyá Ìjẹ̀bú ponbele ni, tó sì mọ iye tí wọ́n ń ta ẹja jù yín lọ.

Ó wá kan bí wọ́n ṣe ń gbé. Ẹ̀jẹ́ mẹ́ta ni Sísítà ń jẹ́: kò ní lọ́kọ, kò ní pe nǹkan kan ní tara rẹ̀, yóò sì gbọ́ràn sí ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́nu. Èyí tó kan owó ni ẹ jẹ́ ká tú palẹ̀. Bí Sísítà bá jẹ́ tíṣà tí ìjọba ń sanwó oṣù fún, owó náà kì í wọ àpò rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ nọ́ọ̀sì, bákan náà. Bí ẹnì kan bá fún un ní ẹ̀bùn owó, inú àpò ilé ló ń lọ. Láti inú àpò kan yẹn ni wọ́n ti ń ra oúnjẹ àti aṣọ, tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn Sísítà tó ti darúgbó tí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́, tí wọ́n ti ń rán àwọn ọ̀dọ́ wọn lọ sí yunifásítì, tí wọ́n sì ti ń fi díẹ̀ ran iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe fún aráàlú lọ́wọ́. Bí bàtà Sísítà bá já, yóò sọ fún ọ̀gá ilé kí wọ́n tó ra òmíràn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń dá èsúsú, ó yẹ kí èyí tètè yé yín. Èsúsú ni, àmọ́ èsúsú tí ẹnì kankan kì í kó. Gbogbo wọn ń dá a, ojoojúmọ́, títí wọ́n á fi kú. A ò mọ ẹgbẹ́ ọjà kankan tó lè ṣe irú rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà kí ìjà má bẹ́ sílẹ̀, tiwa náà ńkọ́! Ohun tó mú kó ṣeé ṣe ni pé kò sí ọmọ tí wọ́n ń fi owó pamọ́ fún, kò sí ẹbí ọkọ, kò sí pé ilé tèmi ni mo ń kọ́.

Kì í sì í ṣe ọjọ́ kan ni ènìyàn ń wọ inú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ̀rù ń bà pé wọn á sọ ọmọ yín di Sísítà nígbà tó bá wà ní kíláàsì kejì, ẹ fara balẹ̀. Òfin ìjọ wọn tí wọ́n tún ṣe ní 1983 ní ẹni tí kò bá tíì pé ọmọ ọdún 17 kò lè bẹ̀rẹ̀ ìkẹ́kọ̀ọ́ náà rárá. Ṣáájú rẹ̀, yóò ti wá bá wọn gbé fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n wo ara wọn. Lẹ́yìn náà ni yóò di nófíìsì, ó kéré tán oṣù 12, kò sì gbọdọ̀ kọjá ọdún 2 lọ títí. Nígbàkígbà tó bá fẹ́ nínú àsìkò yìí, ó lè kó ẹrù rẹ̀ kó máa lọ ilé, ẹgbẹ́ náà sì lè ní kó máa lọ. Tí wọ́n bá gbà á, ẹ̀jẹ́ tí ó ní gbèdéke ni yóò kọ́kọ́ jẹ́, ọdún 3 sí 6 ló sábà máa ń jẹ́, kó tó wá jẹ́ ẹ̀jẹ́ ti títí ayé. Ẹni tí kò bá tíì pé ọmọ ọdún 21 kò lè jẹ́ èyí. Kí ó tó jẹ́ ẹ ni yóò ti ṣe ìwé ìhágún lórí ohunkóhun tó bá ní, gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe wí.

Tí ẹ bá ka ọdún wọ̀nyẹn pọ̀, ẹ ó rí i pé ó pẹ́ ju ìfẹ́sọ́nà tí ọ̀pọ̀ wa ṣe kí á tó délé ọkọ. Láyé àtijọ́, lábẹ́ òfin wọn ti 1917, owó tó dà bí owó ìdáná wà tí ọmọbìnrin máa ń mú wọ àwọn ilé kan, tó bá sì kúrò níbẹ̀, dandan ni kí wọ́n dá a padà fún un. Òfin ti 1983 kò mẹ́nu bà á mọ́.

A kò sọ pé ọkàn ìyá kò ní bàjẹ́ bí ọmọ rẹ̀ bá yan ọ̀nà yìí. Nílẹ̀ Yorùbá, kí ọmọbìnrin má bímọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, ìyá tó sì sunkún nítorí rẹ̀ kò ṣẹ̀. Ohun tí à ń sọ ni pé ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀tọ̀, ilé Sísítà ọ̀tọ̀. Ẹ yẹ àwọn ìyá àti ìyá àgbà tó ti ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ jáde wò. Olórí ọ̀pọ̀ wọn ló wà nílé ọkọ, ọmọ yí wọn ká.

Ó yá, owó wá dà? Láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, àpò mẹ́ta ló ń gbé ilé-ẹ̀kọ́ Sísítà ró. Èkíní ni ìjọba. Láti 1887 ni òfin ẹ̀kọ́ Èkó ti fàyè sílẹ̀ kí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ tó bá kúnjú ìwọ̀n máa gba owó ìrànwọ́. Èkejì ni àwa òbí, ọ̀pọ̀ nínú owó bẹ́ẹ̀ ló sì jẹ́ èrè ìyá lórí ata, lórí aṣọ, lórí obì. Ẹ̀kẹta ni èyí tí ojú kì í rí. Sísítà tó ń kọ́ni, èyí tó ń ṣọ́ àwọn ọmọ tó ń sùn sí súkúù lóru, èyí tó ń kọ́ wọn ní ìránṣọ, ẹni tó ń ṣírò owó, kò sí èyí tó ń mú owó oṣù relé nínú wọn. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ní irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún ti rí ọ̀nà dín owó ọmọ kù. Bí àwọn OLA ṣe dá St. Teresa's College sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1932 nìyẹn, nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ girama fún ọmọbìnrin ṣì ṣọ̀wọ́n gidigidi ní ilẹ̀ Yorùbá. Kì í sì í ṣe ilé-ẹ̀kọ́ nìkan. Ní Lántòro, Abẹ́òkúta, níbi tí Páàdì Coquard ti dá Sacred Heart Hospital sílẹ̀ ní 1895, àwọn Sísítà ló ń tọ́jú aláìsàn pẹ̀lú rẹ̀, títí kan àwọn adẹ́tẹ̀ tí ẹbí wọn ti lé sí ìgbẹ́.

Kí á má fi ọ̀rọ̀ pamọ́, ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ ọmọbìnrin nígbà náà ní kùdìẹ̀-kudiẹ. Abẹ́rẹ́, aṣọ lílọ̀, oúnjẹ sísè àti àdúrà pọ̀ nínú rẹ̀ ju ìṣirò lọ, bí ẹni pé ìyàwó tíṣà ni gbogbo wọn máa dà. Ìyá tó ń ta ọjà ti mọ ìṣirò kó tó rán ọmọ lọ! Ìgbà tó yá ni ó tún ṣe, tí àwọn ọmọ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í di dókítà àti lọ́yà.

Ní oṣù kìíní 1955, ìjọba Awólọ́wọ̀ sọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ọwọ́ ìjọ ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ṣì wà, ìjọba ló ń sanwó tíṣà. Àmọ́ láàárín 1970 sí 1979, ìjọba gba ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ìjọ káàkiri orílẹ̀-èdè. Apá Ìlà-Oòrùn ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 1970, lẹ́yìn ogun abẹ́lé. Ní oṣù kẹsàn-án 1976, ìjọba àpapọ̀ kéde ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ fún gbogbo Nàìjíríà. Nígbà tí Gómìnà Bísí Ọnàbánjọ, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde wa, gorí àlééfà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn ní 1979, ó sọ ti girama náà di ọ̀fẹ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ ọlọ́jà ló wọ girama lọ́dún yẹn tí kì bá tí wọ̀ ọ́ láéláé. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè tí ìjọba rẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1982 sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ láti 2001.

Ọ̀fẹ́ yẹn ní ẹ̀yìn tirẹ̀. Àwọn ọmọ pọ̀ ju àga lọ, àwọn Sísítà kúrò ní ipò ọ̀gá nínú ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ́, orúkọ ẹni mímọ́ nìkan ló kù lára pátákó níbòmíràn. Nígbà tó yá, ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni tuntun. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó sì dá àwọn kan padà fún ìjọ tó ni wọ́n ní 2001. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti padà sọ́wọ́ ìjọ tàbí tó jẹ́ ti aládàáni, ìjọba kì í sanwó tíṣà ibẹ̀ mọ́.

Ìdí abájọ rèé o. Àpò ìjọba ti já. Àpò kẹta náà ti fúyẹ́, nítorí pé Sísítà kò pọ̀ mọ́ nínú kíláàsì. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ lè jẹ́ Sísítà, kí ẹnì kan tàbí méjì tún wà pẹ̀lú rẹ̀, àmọ́ gbogbo tíṣà yòókù ní iyàwó, wọ́n ní ọkọ, wọ́n ń san owó ilé, ọmọ tiwọn náà ń lọ súkúù. Wọn kò jẹ́ ẹ̀jẹ́ àìní kankan. Owó oṣù wọn, epo jẹnẹrétọ̀, oúnjẹ àwọn ọmọ tó ń gbé inú ọgbà, gbogbo rẹ̀ wá dì mọ́ àpò kan ṣoṣo tó kù, èyíinì ni àpò òbí. Nítorí náà, òótọ́ ni pé Sísítà kò ní kọ́bọ̀, òótọ́ náà ni pé owó súkúù rẹ̀ wọ́n. Èkíní kì í ba èkejì jẹ́.

Ìyẹn kò ní ká máa sanwó láìbèèrè. Lójú tiwa, àwọn ẹgbẹ́ Sísítà kan ti jẹ́ kí ilé-ẹ̀kọ́ wọn ga ju ọmọ àwọn tí wọ́n torí wọn wá lọ, àwọn kan nínú ìjọ náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ bèèrè bóyá ètò wà fún ọmọ tó mọ̀wé tí ìyá rẹ̀ kò lówó. Ẹ bèèrè bóyá wọ́n lè gbà á ní ẹ̀ẹ̀mejì láàárín táàmù kan. Ẹ gba risíìtì. Kí ẹ sì rí i dájú pé ilé-ẹ̀kọ́ àwọn Sísítà ni lóòótọ́, nítorí pé ẹnikẹ́ni ló lè kọ orúkọ ẹni mímọ́ sí ara pátákó. Ẹ béèrè orúkọ ẹgbẹ́ Sísítà tó ni ín, kí ẹ lọ wádìí lọ́dọ̀ páàdì tó súnmọ́ yín.

Ẹ̀yin Alhaja wa, a kò gbàgbé yín. Òfin ilẹ̀ wa ti 1999, ní abala 38, sọ pé kò sí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n gbọdọ̀ fi agbára mú láti gba ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn tàbí láti ṣe ìsìn tí kì í ṣe tirẹ̀, tàbí tí òbí rẹ̀ kò fọwọ́ sí. Abala kan náà ló tún gba ìjọ láyè láti kọ́ àwọn ọmọ ìjọ tirẹ̀ ní ẹ̀sìn wọn nínú ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ń fi owó ara rẹ̀ gbé ró. Méjèèjì ló dúró. Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó ni kí ẹ bèèrè: ṣé ọmọ mi á ráyè kí ìrun? Bí wọ́n bá ń lọ ṣe ìsìn ní àárọ̀, níbo ni yóò jókòó sí? Ààwẹ̀ ńkọ́, tó bá ń gbé inú ọgbà? Bí ìdáhùn bá dùn mọ́ yín, ẹ gbà á sílẹ̀ ní kíkọ. Ó sàn kí á jiyàn ní oṣù kẹjọ ju kí á máa lọ fa ọmọ yọ ní oṣù kọkànlá.

Ẹ̀yin ará etí omi, tiyín tún yàtọ̀, torí pé ọmọ yín kò lè máa wọ ọkọ̀ ojú omi lọ kó tún wọ̀ ọ́ bọ̀ lójúmọ́. Inú ọgbà ni yóò máa sùn, owó rẹ̀ á sì pọ̀ sí i. Ẹ má gbàgbé pé owó táàmù mẹ́ta ló wà nínú ọdún kan, ti oṣù kẹsàn-án ló sì máa ń wúwo jù, nítorí yúnífọ́ọ̀mù, ìwé àti bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tó bá ń dá èsúsú, kí ó tètè bẹ olórí èsúsú kó fi kíkó tirẹ̀ sí oṣù kẹjọ. Ẹni tó bá sì ní ìbéèrè tí a kò dáhùn níhìn-ín, kí ó kọ ọ́ tàbí kí ó ní kí ọmọ bá òun kọ ọ́, kí ó fi lé akọ̀wé lọ́wọ́ ní ọjọ́ ìpàdé.